Ẹsẹ̀ tó ń kú: ṣé oògùn iṣan ìmọ̀lára ni àbí ti ẹ̀jẹ̀?

Ìbéèrè láti Lugbe, ní Abuja:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi níbí. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn tipẹ́, metformin ni wọ́n ń lò. Láti bí ọdún kan báyìí, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ń kú, láti ọmọ-ìka títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó ń ṣe àwọn bíi pé ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò wọ nǹkan kan. Tó bá di òru, á máa ta wọ́n bí iná. Kẹ́míìsì kan fún wa ní Neurobion, èkejì ní pregabalin ni, ọ̀gbẹ́ni kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní cilostazol ló gba òun sílẹ̀. Ẹni tó ń kiri oògùn ìbílẹ̀ ládùúgbò wa sì ní sanyi (òtútù) ni, pé òun ní àgbo rẹ̀. Èwo ni kí n rà nínú gbogbo ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n lọ rí dókítà. A ti lọ. Wọn ò tiẹ̀ ní kí màmá bọ́ bàtà."

* * *

Ẹ má tíì ra ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Fámásì ni iṣẹ́ mi, ní apá Nyanya, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í wá bèèrè "oògùn ẹsẹ̀ kíkú" lọ́wọ́ mi. Kò sí oògùn kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Neurobion, àpapọ̀ fítámìn B1, B6 àti B12, wà fún ẹni tí fítámìn B kò tó lára rẹ̀. Pregabalin wà fún ìrora tí iṣan ìmọ̀lára tó ti bàjẹ́ ń dá sílẹ̀. Cilostazol wà fún ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dí, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń dùn ún bó bá rìn, tó sì ń rọlẹ̀ bó bá dúró. Ti àgbo, ẹni tó sè é nìkan ló mọ ohun tó kó sínú ẹ̀. Èèyàn lè ra gbogbo wọn, kó lò wọ́n tán, kí ohun tó ń pa ẹsẹ̀ náà sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ sọ nípa màmá ti tọ́ka sí ibì kan. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ-ìka, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ta lóru. Bí àtọ̀gbẹ ṣe ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ nìyẹn. Iṣan tó bá gùn jù ló ń kọ́kọ́ jìyà, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń ṣáájú ọwọ́. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọdún pípẹ́ ń ba iṣan náà fúnra rẹ̀ jẹ́, ó tún ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín tó ń bọ́ ọ jẹ́. Ṣùgbọ́n metformin tí màmá ti ń lò bọ̀ náà lè dín fítámìn B12 kù lára, pàápàá bó bá ti tó ọdún mẹ́rin, márùn-ún sókè, àìtó B12 sì ń fa irú ẹsẹ̀ kíkú kan náà. Ojú lásán kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè yà á.

Mi ò ní ní kí ẹ kàn lọ rí dókítà. Ohun tí ẹ máa bèèrè bí ẹ bá débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ bèèrè HbA1c, ìyẹn ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ bèèrè ìwọ̀n B12. Ẹ bèèrè àyẹ̀wò kíndìnrín, nítorí òun ló máa sọ ìwọ̀n oògùn tí màmá lè lò. Lẹ́yìn náà kí màmá bọ́ bàtà kí wọ́n tó jókòó, kí ẹsẹ̀ wà níta. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ káàkiri láti mọ ibi tí ìmọ̀lára ti kúrò. Wọ́n á tún fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀ lápá inú. Ìyẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó sì dùn mí gan-an pé ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fò.

* * *

Ọ̀pọ̀ yín ló fèsì sí ìdáhùn yìí pé kí màmá sáà bẹ̀rẹ̀ Neurobion ná, pé fítámìn lásán ni, èyí tí ara kò bá lò á bá ìtọ̀ jáde.

Mi ò fara mọ́ ọn. B6 ni kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Àgbàlagbà kò nílò B6 ju nǹkan bíi 2 mg lọ lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ nínú àwọn oògùn alápapọ̀ wọ̀nyí, àwọn kan wà tí hóró kan ṣoṣo gbé 200 mg. Bí èèyàn bá ń gbé irú ìwọ̀n yẹn mì lóṣooṣù láìdáwọ́ dúró, B6 fúnra rẹ̀ a máa ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú. Mo mọ aránṣọ kan ní Mararaba tó ń fi hóró kún hóró bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kú sí i. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń lò títí tí dókítà kan fi ní kó kó gbogbo oògùn ilé rẹ̀ wá. Ìgbà tó dá a dúró ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ó sì pẹ́ kó tó padà.

Folic acid náà nìyẹn, èyí tí gbogbo ilé ń lò fún "ẹ̀jẹ̀". Bó bá jẹ́ B12 ni kò tó, tí èèyàn wá ń lo folic acid nìkan, ẹ̀jẹ̀ á dára nínú àyẹ̀wò, inú ilé á dùn, iṣan á sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́ rẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé B12 kò tó, B12 gan-an ni kí wọ́n fún màmá, kì í ṣe àpapọ̀. Hydroxocobalamin tàbí cyanocobalamin, abẹ́rẹ́ 1 mg, wọ́n á kọ́kọ́ máa gún un léraléra, lẹ́yìn náà wọ́n á fi àyè sí i. Oníhóró tó lágbára, 1000 microgram, ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n níbi tí ẹsẹ̀ bá ti ń kú, èmi á fẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì má retí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Iṣan kì í tètè tún ara rẹ̀ ṣe, oṣù ló ń gbà, èyí tó bá sì ti kú pẹ́ jù lè má padà mọ́. Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyẹn.

* * *

Ará Kubwa kan kọ ọ́ pé: "Pregabalin lọba wọn. Bàbá mi lò ó, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń sun oorun wọn."

Mo gbà pé bàbá sùn. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ló yí padà lẹ́sẹ̀ bàbá. Pregabalin, gabapentin, amitriptyline àti duloxetine, ìrora ni gbogbo wọn ń dín kù. Títa, jíjó, gígún bí abẹ́rẹ́, eèrà tó ń rìn lábẹ́ awọ, àwọn yẹn ni wọ́n ń pa rọ́rọ́. Ìkankan nínú wọn kì í dá ìmọ̀lára tó ti lọ padà. Bí ẹsẹ̀ bá kú ṣùgbọ́n tí kò dùn ọ́, wọn ò ní nǹkan kan láti bá ọ ṣe. Ibí ni èmi àti àwọn oníbàárà mi ti máa ń fà á: "Mo ti lo káàdì mẹ́ta, ẹsẹ̀ ṣì kú." Bẹ́ẹ̀ ni, á ṣì kú. Ohun tó lè dá ìbàjẹ́ náà dúró ni kí ṣúgà wálẹ̀, tàbí kí B12 tó, tàbí kí wọ́n mú ohunkóhun tó ń fà á kúrò.

Nípa ti ọba, mi ò rí ọba kankan. Ọdún 2004 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí duloxetine àti pregabalin fún ìrora iṣan tí àtọ̀gbẹ ń fà. Amitriptyline ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú wọn, kò sì wọ́n. Ìwádìí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2022 fi amitriptyline, duloxetine àti pregabalin wé ara wọn lára àwọn alátọ̀gbẹ, agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó fẹ́ lò ó ló yẹ ká wò. Bàbá tí ìtọ̀ kì í tètè jáde fún nítorí próstéètì, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, tàbí tó ní àrùn ojú glaucoma, amitriptyline kò yẹ ẹ́. Ẹni tó bá yẹ, 10 mg lálẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 25 mg mẹ́ta lóòjọ́ bí mo ti rí i lára ìwé kan. Ẹnu á gbẹ, oorun á kun ún díẹ̀ láàárọ̀. Pregabalin máa ń wú ẹsẹ̀, ó ń jẹ́ kí òòyì kọ́ àgbàlagbà, wọ́n sì ń ṣubú. Inú kíndìnrín ló ń gbà jáde, nítorí náà ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́ kò gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀n tí aládùúgbò rẹ̀ ń lò. Duloxetine lè rìn èèyàn lọ́kàn, ó lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè díẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ mọ́ tramadol, oògùn ìrora líle, láìsọ fún dókítà. Bákan náà ni amitriptyline.

Tramadol tí mo dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí Òkè Ọya la wà. Gbogbo wa la rí ohun tí tramadol àti kódíìnì ti ṣe fún àwọn ọmọ wa níbí. Ọdún 2018 ni ìjọba ní kí wọ́n má kó omi oògùn ikọ́ oníkódíìnì wọlé mọ́, kí wọ́n má sì ṣe é nílé mọ́. Ní báyìí, pregabalin 300 mg ni àwọn ọ̀dọ́ ń wá bèèrè láìmú ìwé kankan dání. Èèyàn tó da pregabalin pọ̀ mọ́ tramadol tàbí ọtí lè sùn kí èémí rẹ̀ dúró. Nígbà tí mo bá ní kí ẹ mú ìwé dókítà wá fún màmá, tí ẹ ní mò ń ṣe àṣejù, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ sì má fi káàdì pregabalin màmá sí orí fèrèsé níbi tí gbogbo ọwọ́ ti lè dé.

* * *

Cilostazol wá ńkọ́?

Ọ̀gbẹ́ni ṣọ́ọ̀ṣì kò purọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ẹsẹ̀ tirẹ̀ dáadáa. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tutù, irun ojúgun á máa re dànù, awọ á máa dán, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á máa dùn ún bó bá rìn dé ibì kan, á sì ní láti dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lù lórí ẹsẹ̀ kì í ṣeé fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀, tí wọ́n fi ti apá pín in, tí èsì kò tó 0.9, òpó ẹ̀jẹ̀ ti ń dí nìyẹn. Cilostazol 100 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí oúnjẹ tó wọlé, lè jẹ́ kírú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà sí i, ó sì lè gba oṣù kí ó tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá. Ẹ ronú sí i: àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń wú, tí èémí ń kúrú bó bá gun àtẹ̀gùn, mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ọkàn ni? Irú wọn ni wọ́n ń pín cilostazol fún lẹ́yìn ìsìn.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ni pé oògùn tó ń gba ẹ̀mí ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dí là kì í ṣe èyí tí yóò mọ̀ lára. Statin ni, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, atorvastatin fún àpẹẹrẹ, pẹ̀lú aspirin 75 mg tàbí clopidogrel 75 mg tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sì ju sìgá àti aáṣáà nù. Ẹsẹ̀ kò ní fò sókè nítorí statin. Àìní ìyípadà yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n pa á tì lóṣù kejì, kí wọ́n máa náwó sórí èyí tó ń mú ara gbóná. Rírìn náà jẹ́ oògùn: kó rìn títí yóò fi dùn ún, kó dúró, kó tún rìn, lójoojúmọ́.

Ẹnìkan wá ní, ṣebí aspirin kékeré ni, kí gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú máa lò ó. Rárá. Aspirin kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìbàjẹ́ iṣan ìmọ̀lára. Ohun tó lè ṣe ni kó dá ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú ikùn, kí ẹ̀jẹ̀ máa jò níbẹ̀.

Ti alátọ̀gbẹ tún le sí i, nítorí méjèèjì lè wà lára rẹ̀ pọ̀. Iṣan tó ti kú kò ní jẹ́ kó mọ ìrora tó yẹ kó kìlọ̀ fún un pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ọmọ-ìka bá dúdú ni wọ́n ń gbé e dìde.

* * *

Kúkurú ni èyí, kí ẹ jọ̀ọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá kú lójijì, tí ẹnu yẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ lọ́, ẹ má ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Rọpárọsẹ̀ ni. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ká, alteplase, kò wúlò bí wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ bá ti kọjá, wọn ò sì lè fún un láìkọ́kọ́ ya àwòrán ọpọlọ. Ẹ má fi aspirin sí i lẹ́nu nílé. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè wà nínú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde náà lè wà níbẹ̀, aspirin á sì mú kí èkejì yìí burú sí i. Bó bá tilẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọsibítù ni, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá sì kú lójijì, tó dùn gan-an, tó tutù, tó funfun, òpó ẹ̀jẹ̀ ti dí pátá nìyẹn. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni ẹsẹ̀ náà ní. Ẹ má fi omi gbóná pa á, ẹ gbé e lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ sanyi pọ̀ nínú èsì yín, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò wa Hausa ń pè é ní sanyi, àwa náà ń sọ pé òtútù ti wọ eegun. Òótọ́ kan wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé láti Jos ní bí ọyẹ́ bá ti dé, ìka ọwọ́ òun á funfun bí ẹfun, á di aláwọ̀ aró, lẹ́yìn náà á pọ́n, á sì máa ta. Òpó ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ ló ń há nínú òtútù. Ìbọ̀wọ́ àti ara tó gbóná ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, nifedipine tó ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ lára, ni dókítà máa ń kọ bí ìyẹn kò bá tó. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lò. Bó bá jẹ́ propranolol tàbí atenolol, òun gan-an lè máa mú ìka náà burú sí i.

Ti màmá kì í ṣe èyí. Òtútù kì í pa ẹsẹ̀ méjèèjì fún odindi ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Àgbo tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde kiri, ìbẹ̀rù mi sí i ni pé wọ́n ti rí àwọn tí wọ́n pò dexamethasone (sítẹ́rọ́ìdì) tàbí diclofenac (oògùn ìrora) mọ́. Ara á yá lójú ẹsẹ̀, ni ṣúgà bá ròkè, ni kíndìnrín bá ń jìyà. Bí màmá bá ti mu nínú ẹ̀, kí ẹ sọ fún dókítà láìtijú.

Ohun tó burú jù nínú ọyẹ́ ni iná. Ní Abuja níbí, ní Kaduna, ní Zaria, mo ti rí àwọn àgbà tó na ẹsẹ̀ tó ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò èédú láti yá a, tí awọ bó tí wọn ò mọ̀. Àwọn mìíràn ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ dán omi wò, ìgúnpá ni kó fi dán an.

* * *

Ẹnìkan bèèrè pé òun kò ní àtọ̀gbẹ, kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ òun ń kú?

Mo bi í pé oògùn wo ló ti lò láìpẹ́. Ciprofloxacin ni, fún "táífọ́ọ̀dù" tí wọ́n ń rí lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ciprofloxacin àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ó sì lè pẹ́ kó tó lọ. Láti ọdún 2013 ni àjọ oògùn Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ tó le sí i sínú páálí. Metronidazole (Flagyl) tí èèyàn lò pẹ́ náà ń ṣe é. Isoniazid tí wọ́n fi ń wo ikọ́ àwúbì (TB) náà ń ṣe é, ìdí rèé tí wọ́n fi ń fi B6 díẹ̀ tì í, nǹkan bíi 25 mg lóòjọ́. Ẹ rí i pé B6 tí mo bá wí lókè ní àyè tirẹ̀. Ẹ má torí ẹsẹ̀ kíkú pa oògùn ikọ́ àwúbì tì o. Ẹ padà lọ sọ fún àwọn tó fún yín. Ọtí líle náà wà níbẹ̀, òun ń kó fítámìn B1 dànù.

Ẹlòmíì ní gàárì ni. Ó ní ìdí. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti Ìbàdàn ṣàyẹ̀wò àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè Ìjẹ̀bú tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá rìn. Ó so ó mọ́ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ láìsí àyípadà, tí májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀ kò jáde tán. Ẹ̀gẹ́ tó rẹ tó, tó kan, tí wọ́n yan dáadáa, tí ẹran tàbí ẹ̀wà ń bá rìn, kì í ṣe irú ẹ̀. Ní Abuja, mi ò ní fi gàárì ṣáájú ṣúgà, B12 àti ciprofloxacin nínú ìwádìí mi.

Ìka ọwọ́ nìkan, àtàǹpàkò dé ìka àárín, tó ń kú lóru tí ẹ ń gbọn ọwọ́ kó tó jí, ibi ọrùn ọwọ́ ló ti fún iṣan pa. Aránṣọ, onídìrí, ọlọ́kadà àti aláboyún ló sábà máa ń ní in. Ohun tí wọ́n fi ń de ọrùn ọwọ́ lálẹ́ kó má tẹ̀ ṣiṣẹ́ ju Neurobion lọ.

Ọ̀kan kù tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ dárúkọ. Ibì kan lára awọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí, tí ẹ gún tí kò dùn, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀tẹ̀. Ó ṣì wà ní Òkè Ọya, Zaria ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún ikọ́ àwúbì àti ẹ̀tẹ̀ wà. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, rifampicin, dapsone àti clofazimine, oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá, ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ tí kò fi ní ran ẹlòmíì mọ́. Bí iṣan bá ń wú tó ń dùn láàárín ìtọ́jú, prednisolone tí wọ́n bá tètè fún un lè gba ọwọ́ náà sílẹ̀. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí ọwọ́ ká kò kí wọ́n tó wá.

* * *

Ará Lugbe ti padà wá. Ó ní: "HbA1c màmá jẹ́ 9.8. B12 wọn wálẹ̀ gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ń lù dáadáa lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n kọ abẹ́rẹ́ B12, amitriptyline 10 mg, wọ́n tún fi oògùn ṣúgà kan kún un. Aládùúgbò wa ní kí wọ́n ju metformin nù, ṣebí òun ló jẹ B12 wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Tí ìta náà bá sì lọ, ṣé wọ́n lè fi amitriptyline sílẹ̀?"

Inú mi dùn pé wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lù dáadáa túmọ̀ sí pé owó cilostazol ti bọ́ sápò yín.

Ẹ má ju metformin nù. HbA1c 9.8 yẹn ga, ṣúgà náà ń pa iṣan, B12 ṣeé dá padà pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ṣúgà tí ẹ bá tú sílẹ̀ kò ní abẹ́rẹ́ kan tó lè tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Kí wọ́n máa lo méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì máa yẹ B12 wò lọ́dọọdún. Kí ṣúgà máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni o. Bí ó bá já wálẹ̀ lójijì, ẹsẹ̀ lè ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fúngbà díẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe dókítà, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Amitriptyline ṣeé fi sílẹ̀ nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́. Bákan náà ni pregabalin fún ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ẹ má ṣe jáwọ́ nínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí màmá dìde díẹ̀díẹ̀ lórí ibùsùn lóru, kí iná wà lọ́nà ilé ìwẹ̀. Lálaalẹ́, kí ẹ̀yin wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àti àárín ọmọ-ìka, kí ẹ gbọn inú bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Abẹ́rẹ́ B12, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n gún kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn káàdì ọsibítù màmá, nítorí nọ́ọ̀sì tó gún ti òní lè má sí níbẹ̀ nígbà tó bá kan èyí tó tẹ̀ lé e.